Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Wẹ Ẹran Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Rọ́bà omi méjì péré ni wọ́n fà síta fún gbogbo ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ tó wá sí ìpàtẹ àgbẹ̀ kọ́úńtì wa (kọ́úńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀) lóṣù Kẹjọ tó kọjá. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi tó ń ya sí ẹsẹ̀ ẹni tó dì í mú pọ̀ ju èyí tó ń dé ara ẹran lọ. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù, ọmọ bí ogún ti tò síbẹ̀, oníkálukú di okùn ọrùn ẹran rẹ̀ mú, oorun ṣì wà lójú wọn. Ọmọ tèmi ni ẹni kẹtàlá. Mo wo ẹrọ̀fọ̀ ilẹ̀, mo wo bàtà funfun tí mo wọ̀ wá láti ibi iṣẹ́ òru, mo ní ó tán fún bàtà yìí nìyẹn.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi ìpàtẹ, mo sì ti kọ́ ọgbọ́n kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpàtẹ kan dáa, ẹ má wo iná aláràbarà ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wẹ ẹran. Ibẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá àwọn tó ni ìpàtẹ ń rántí àwọn tó kó ẹran wá, àbí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń rò.

Mi ò ní dárúkọ kọ́úńtì náà. Ará àdúgbò ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀, èmi àti wọn la jọ ń tò sórí ìlà nílé ìtajà, púpọ̀ nínú wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni, ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn náà tó. Irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ju 100 lọ lọ́dọọdún ní ìpínlẹ̀ yìí nìkan, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wá a kàn, ó kú iṣẹ́ o.

Èmi fúnra mi kì í ṣe àgbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òru ni mo sì ń ṣe é. Ọmọ mi obìnrin, tó ti pé ọdún méjìlá báyìí, ló tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí ìpàdé 4-H, tó padà wá bá mi pé ewúrẹ́ lòun fẹ́ sìn. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni 4-H yìí. Tọ́mọ bá ti pé ọdún mẹ́jọ, ó lè sin ẹran lábẹ́ wọn kó sì mú un wá síbi ìdíje, títí á fi di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo bi í pé ṣé inú pálọ̀ la máa so ó mọ́ ni? Ìyá àgbà kan tó ní ilẹ̀ nítòsí wa ló gbà wá. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹran ló fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn. Mama ni mo máa ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé ó máa ń dáhùn kí n tó pe orúkọ náà tán. Ó yọ igun kan fún wa nínú ilé ẹran rẹ̀, ó ní owó ilé tí a máa san ni pé kí ọmọ máa bá òun kó ìgbẹ́ ẹran ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Oṣù Kẹrin la ra ewúrẹ́ náà. Òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni, orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ funfun. Peanut ni ọmọ mi sọ ọ́. Alágídí lèmi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí i lọ́jọ́ ìdíje á sọ fún yín èyí tó ro ó nínú orúkọ méjèèjì. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọmọ yìí fi ń mú un rìn nírọ̀lẹ́, tó ń kọ́ ọ láti gbé orí sókè, láti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi tábìlì, láti má sá bí ẹni tí kò mọ̀ rí bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ níléèwé tó gbájú mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Ẹnubodè ni màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ọjọ́ Ajé tí a kó ẹran wọlé, ọkọ̀ tò dé títì. Dókítà ẹranko kan, obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí. Kò sí ẹran tó kọjá láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ́kọ́ wo àmì etí Alágídí, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó fi wé ìwé wa lẹ́ẹ̀mejì. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní scrapie, tó máa ń jẹ ọpọlọ àgùntàn àti ewúrẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹran á fi kú. Nọ́ńbà etí yẹn ni wọ́n fi ń tọpasẹ̀ ẹran dé oko tí wọ́n ti bí i. Ẹran tí kò bá ní in ò ní wọlé. Lẹ́yìn náà ló ṣí ètè rẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀, ó fa awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó fi ìka tú irun ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.

Bàbá kan ló wà níwájú wa pẹ̀lú àgùntàn mẹ́ta. Dókítà rí làpálàpá lójú ọ̀kan, ó tó owó ẹyọ. Ó ní kò lè wọlé. Bàbá ní nǹkan kékeré ni, ó ti ń gbẹ. Dókítà ní òun náà rí i pé ó kéré. Bàbá ní ọmọ òun ti sunkún láti ilé. Dókítà ní òun bá a kẹ́dùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ nìyẹn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn obìnrin yìí ò sì yí padà nígbà kankan. Àgùntàn náà padà sílé. Àánú ọmọ náà ṣe mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn arúgbó ogójì ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà mọ ohun tí àrùn kan ṣoṣo lè ṣe bó bá wọlé tán. Lọ́dún 2012, ènìyàn 309 ní Amẹ́ríkà ló kó irú fúlù kan tí wọ́n ń pè ní H3N2v, ibi ìpàtẹ bíi tiwa yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fara kan ẹlẹ́dẹ̀. Indiana àti Ohio ló pọ̀ jù níbẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gba àwọn ìpàtẹ nímọ̀ràn pé kí ẹlẹ́dẹ̀ má ṣe lò ju wákàtí 72 lọ lórí pápá. Lóṣù Kẹrin 2024 náà, nígbà tí fúlù ẹyẹ wọ ara màlúù, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tí dókítà ẹnubodè wa fi dá àgùntàn yẹn padà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀. Bí gbogbo nǹkan yòókù nínú ìpàtẹ náà bá rí bí ẹnubodè ni, márùn-ún nínú márùn-ún ni mi ò bá fún wọn.

Ìwọ̀n ẹran ló kàn. Ẹran gbọ́dọ̀ gun ìwọ̀n kí wọ́n tó lè pín wọn sí ìsọ̀rí, kí ẹran pọ́n 60 má bàa lọ bá ti pọ́n 100 díje. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹ̀rọ ìwọ̀n náà dákú. Wọ́n gbé e sọ́tùn-ún, wọ́n gbé e sósì, ẹnì kan gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi rédíò àtijọ́, kò dáhùn. Ó di aago kan ọ̀sán kí wọ́n tó rí òmíràn yá. Wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn oṣù Kẹjọ, ewúrẹ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún wa pé ká kó ẹran padà sábẹ́ òrùlé ná. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúkú wà o! Òun ni wọ́n ń dán wò lórí pèpéle olórin tuntun níwájú, “wáànù, tú, wáànù, tú” láti àárọ̀, tí gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n. Pọ́n 84 ni Alágídí wọ̀n nígbà tó yá. Ó dá mi lójú pé pọ́n méjì nínú rẹ̀ ti di òógùn.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìwẹ̀. Ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ gbàgede ìdíje gbọ́dọ̀ mọ́, irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di gígẹ̀ mọ́lẹ̀ kí adájọ́ lè rí bí ẹran ara rẹ̀ ṣe dì. Bí irun bá sì tutù tàbí tí ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìgẹ̀run ò ní lọ dáadáa. Á máa já irun ni, á sì fi ìlà ìlà sílẹ̀ lára ẹran bí oko tí wọ́n ro láàbọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pẹ́ lórí ìlà omi, á pẹ́ níbi gbígbẹ, á pẹ́ níbi gígẹ̀, á sì sáré wọ gbàgede. Aago mẹ́sàn-án ni ìsọ̀rí tiwa. Nígbà tó di aago méje kọjá díẹ̀, ẹni kẹsàn-án ni omi kàn.

Mo wọ inú ọkọ̀ lọ, mo gbé garawa tí mo fi ń fọ ọkọ̀ jáde. Mo gba ẹ̀yìn ilé adìyẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo pọn. Omi gbígbóná sì wà níbẹ̀! Ọmọ mi rí mi tí mò ń bọ̀, ojú tì í.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín.”

“Kí wọ́n rí mi, kí wọ́n wá ṣe kí ni? Omi ni mo gbé. N ò jí ewúrẹ́.”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin òyìnbó kan tó jókòó sórí kúlà pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ bi mí níbo ni mo ti ń pọn ọ́n. Mo nawọ́ sí i. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, obìnrin márùn-ún ló ti tò sílé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú garawa àti agbada. Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọn omi? Kí n tó délé ẹran, Mama ti ń fi tówẹ̀lì fa omi kúrò lára Alágídí láti orí wá sí ìrù, ó ní béèyàn bá fa irun sẹ́yìn, yóò yí, ẹ̀rọ á sì máa fà á. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n torí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìdí etí níbi tí irun ti le, ọwọ́ yẹn dúró gbári.

Nínú gbàgede, mi ò ní ẹ̀sùn. Adájọ́ náà, ọkùnrin kan tó gùn tó sì rọra ń sọ̀rọ̀, kúnlẹ̀ bó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ kéékèèké sọ̀rọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìbàdí Alágídí, ó fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo búrẹ́dì bóyá ó ti jinná. Alágídí jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó fò. Ọmọ mi ò pariwo. Ó fi orúnkún ti àyà ewúrẹ́ náà, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ tí adájọ́ ò sí, torí òfin ni pé ẹran ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ọmọ àti adájọ́ nígbà gbogbo. Adájọ́ bi í nípa oúnjẹ tó ń fún ẹran rẹ̀. Ó dáhùn. Ó bi í pé níbo lára ewúrẹ́ ni ẹran tó wọ́n jù wà. Ó fi ọwọ́ hàn án lórí ẹ̀yìn, kò wo ojú mi rárá.

Ipò kẹrin nínú méje ló mú, ríbọ́ọ̀nù pupa. Adájọ́ gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo wa ìdí tí èyí fi ṣáájú èyí: ti ẹni kìíní gùn lẹ́yìn, ẹran sì kún itan rẹ̀, tiwa dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n ó fẹ́ oṣù kan sí i kó tó kún. Mo rí ọmọ mi tó ń mi orí. Oṣù Kẹrin ló yẹ ká ti ra ẹran tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ti mọ̀ báyìí. Irú adájọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sanwó fún un, ó sì tọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ta ló ń sanwó. Owó àbáwọlé ò lè san gbogbo ẹ̀. Dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbà, òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ méjì. Òfin kan wà ní Pennsylvania láti 1986, òfin ìpàtẹ àgbẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń ran àwọn ìpàtẹ kọ́úńtì àti ti àdúgbò lọ́wọ́. Ó ní owó fún iṣẹ́ ìpàtẹ fúnra rẹ̀ àti ẹ̀bùn àwọn tó kó ẹran àti irè oko wá, owó fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi 4-H, àti owó àtúnṣe ilé, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé tiyín sílẹ̀ ni ìjọba á gbé tirẹ̀ lé e. Ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Àṣà náà ti pẹ́ níbí. Lọ́dún 1807, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elkanah Watson mú àgùntàn Merino méjì péré wá sí gbàgede ìlú Pittsfield ní Massachusetts, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí irun wọn. Àwọn èèyàn rọ́ wá. Ìgbà tó fi di 1810, ìpàtẹ màlúù ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1819 ni ilé aṣòfin New York ya dọ́là 10,000 sọ́tọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa fi fún àwọn tó bá mú ẹran àti irè tó dáa jù wá ní ẹ̀bùn. Nígbà tó di 1841, New York yìí kan náà ṣe ìpàtẹ ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Syracuse. Èrò wọn ò le. Àgbẹ̀ tó bá rí màlúù ẹnìkejì rẹ̀ tó dáa ju tirẹ̀ lọ, tó sì gbọ́ ìdí ẹ̀ lẹ́nu adájọ́, á lọ wá irú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́, lórí ewúrẹ́ pọ́n 84.

Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba yọwọ́, kí ìpàtẹ bọ́ ara rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wo Minnesota. Lóòótọ́, ìpàtẹ ìpínlẹ̀ Minnesota ò gba owó ìṣúná ìjọba ìpínlẹ̀ láti 1949, ó sì wà digbí. Ṣùgbọ́n èrò tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló wọ ibẹ̀ ní 2019! Ìpàtẹ kọ́úńtì wa, bí gbogbo ará kọ́úńtì bá gbé ajá àti ológbò wọn wá, kò lè tó ìdá kékeré nínú ẹ̀. Ti Michigan ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Ìpàtẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe láti 1849, ọdún 2009 ló ṣe àṣekẹ́yìn lábẹ́ ìjọba nígbà tí owó dínkù. Àwọn aládàáni ló tún un gbé dìde ní 2012, níbòmíràn. California náà gé owó àwọn ìpàtẹ rẹ̀ ní 2011. Bí mo ṣe rí i, bí owó bá fò lọ, pèpéle kọ́ ló kọ́kọ́ ń kú. Èrò tó wá wo olórin ń sanwó. Kò sẹ́ni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wo dókítà tó ń ṣí ètè ewúrẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà wá, wọ́n bi wá gbogbo oògùn tí a ti fún ẹran náà àti ọjọ́ tí a fún un. Mo rò pé àṣejù ni, àfìgbà tí Mama sọ ọ̀rọ̀ Ohio fún mi. Lọ́dún 1994, níbi ìpàtẹ ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n rí i pé àwọn kan ti fún ẹran tó gba ipò kìíní ní oògùn tí òfin ò fọwọ́ sí, clenbuterol wà nínú ẹ̀, kí ara wọn lè le. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ẹran tí èèyàn máa jẹ o! Látìgbà náà ni Ohio ti ń gba ìwé oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹran wá. Èmi tí mò ń kọ oògùn arúgbó sílẹ̀ lálaalẹ́, wákàtí sí wákàtí, mo kúrò níbẹ̀ tí mò ń kan sáárá sí ìwé náà.

Lóṣù Kìíní ọdún yìí, mo mú ọmọ lọ sí Harrisburg láti wo Farm Show, ìpàtẹ ńlá tó ti wà láti 1917, tí ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àbáwọlé; ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan lèèyàn ń sanwó fún. Abẹ́ òrùlé ni gbogbo ẹ̀, ilé mọ́kànlá tó wọnú ara wọn, yìnyín lóde, màlúù nínú ilé. Èrò ló yí ère bọ́tà ká, bọ́tà bíi 1,000 pọ́n tí wọ́n gbẹ́ bí igi. Bí ìpàtẹ bá parí, oko kan ni wọ́n máa ń gbé e lọ láti sọ ọ́ di iná mànàmáná. Ọmọ mi wo ère náà fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wẹ ẹran.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. A lọ wò ó. Kọnkéré ni ilẹ̀, ó dà síbi ihò omi, bàtà mi gbẹ.

Gbàǹjo ni wọ́n fi ń kádìí ìpàtẹ kọ́úńtì, lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó ń lu gbàǹjo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ki oríkì, mi ò gbọ́ ju nọ́ńbà lọ. Dọ́là mẹ́fà fún pọ́n kan, ilé ìtajà oúnjẹ ẹran kan ló ra Alágídí, dọ́là 504. Wọ́n yọ díẹ̀ fún owó ìpàtẹ. Mo ti ro ó pé ọmọ máa sunkún, mo ti mú tíṣù dání. Kò sunkún. Ó tú okùn ọrùn Alágídí, ó ká a jọ, ó kì í bọ àpò, ó rìn lọ síbi ọkọ̀. Èmi ni mo lo tíṣù. Ètò gbàǹjo náà já gaara, owó dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Owó ẹ̀bùn ìdíje ní tirẹ̀ dé lóṣù Kọkànlá. Sọ̀wédowó dọ́là 12, kò sí lẹ́tà, wọ́n ṣi orúkọ ọmọ mi kọ. Oṣù mẹ́ta kí ọmọdé tó rí dọ́là 12! Ó ní òun ò ní gbà á ní báǹkì mọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́ọ̀nù. Mo ní kò burú, ìwọ lo ni owó ẹ.

Mo lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ wọn nígbà òtútù, torí gbogbo ará kọ́úńtì ló ní ẹ̀tọ́ láti wá. Àwa mẹ́fà la wá. Mo bèèrè nípa ibi ìwẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn mọ̀, ọdún kẹta rèé tó ti wà nínú ìwé àwọn. Owó àtúnṣe wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ní láti gbé ìdajì tiwọn sílẹ̀ ná, ìdajì ọ̀hún ló sì wọ pèpéle tuntun. Ọkùnrin kan ní pèpéle ló ń mú èrò wá. Mo ní òótọ́ ni, èrò ò sì lè wá wo ẹran tó bá dá kú sórí ìlà ìwọ̀n. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé wọn wá bá mi, ó bèèrè bóyá màá bá wọn jókòó sínú ìgbìmọ̀ ilé ewúrẹ́. Wọ́n mú mi nìyẹn.

Ìdájọ́ tèmi: mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹnubodè àti adájọ́ ló fún wọn ní mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, kó wọ̀ ọ́, mi ò ní dá yín dúró. Ẹ mú garawa méjì dání, bàtà òjò, àga tiyín, omi mímu, àti ìbòòji tí ẹ lè ta sókè níbi ìwọ̀n. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹran. Ẹ má gbára lé aago inú ìwé ètò.

Àwa ń padà lọ. Ewúrẹ́ méjì ni lọ́tẹ̀ yìí, Mama ti fún wa ní igun kejì. Mo ti ra rọ́bà omi tiwa, ẹsẹ̀ bàtà 50, ó wà nínú búùtù ọkọ̀ láti oṣù Kẹta. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá ẹnu rẹ̀ máa wọ orí ẹ̀rọ omi wọn.